Aṣọ Tí Mo Ró Lọ Sí Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún ìwé Dókítà Ikúbọlájẹ́ tẹ̀, ẹ dá ẹ̀rọ dúró ná. Irọ́ kan wà nínú ìwé náà, èmi Zùwáírátù, ìyá Mujeeb, ni mo pa á. Irọ́ náà ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú yín bí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rí lẹ́nu òṣìṣẹ́. Fọláyọ̀ ni orúkọ náà. Kò ra ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti sọ fún mi nílé ìwòsàn pé ọkàn mi ti rẹ̀, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ níwájú Ọlọ́hun kí n tó sọ ọ́ níwájú yín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́. Dókítà ló kọ́ mi ní A, B, D nígbà tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ lọ wo ti ìyá tirẹ̀.

Lébìrà ni mí, mi ò sì fi bò. Àwọn ilé alájà tí ẹ ń wò ní Agbowó àti Ring Road títí dé Challenge, tí wọ́n kọ́ nígbà tí owó epo ń ṣàn, orí èmi àti ẹgbẹ́ mi ni kọnkéré wọn gbà gòkè. Bí wọ́n bá ń da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré àjà òkè, a kì í dúró, torí bí apá kan bá gbẹ ṣáájú èkejì, ilé náà yóò sán. Orin ló ń mú ẹsẹ̀ wa bára mu lórí àkàbà. Èmi ni mo ń dá a, àwọn yòókù a máa gbè é. Inú orí mi, lábẹ́ òṣùká, ni mo ti ń hun ún:

Kọ̀ngílá jókòó sábẹ́ ọdán,
Ó ní oòrùn òní ò mú.
Ẹ gbé kọnkéré lé e lórí,
Kó tún un sọ tó bá dókè.

Ibi tí a ti ń da dẹ́kìn ilé kan ní Agbowó ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti dúró tì wá, tó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bá orin wa lọ. Dókítà nìyẹn, ọmọ Oǹdó, olùkọ́ ní yunifásítì, Bódìjà ló ń gbé. Ó máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lórí orin, àwòrán àti ère. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó." Òun fúnra rẹ̀ ni kò gbà ká pe òun ní "wọ́n", ó ní láàárín òṣìṣẹ́, kò sí ọ̀gá. Àwòrán òyìnbó onírùngbọ̀n kan wà lára ògiri rẹ̀, Máàkìsì ni wọ́n ń pè é. Mo kọ́kọ́ rò pé wòlíì ìjọ rẹ̀ ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni Dókítà máa ń bi ohun gbogbo: ta ló ni ín, ta ló ṣe é, ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Ó bi rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn tó ń ki olówó, àwọn olórin sì bú u títí. Ó bi àwòrán ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sí báńkì ní Dùgbẹ̀. Mo fún un lómi mu, ó gbé kọ́ọ̀pù sókè, ó ní, "Ta ló ni èyí?" Mo ní, "Èmi ni. Ẹ mu ún tán, kẹ́ ẹ dá a padà." Ẹ̀rín rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Mama, ta ló ṣe orin tí ẹ ń kọ?" Kọ̀ngílá tó gbà wá síṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà nítòsí, ó na etí. Bí mo bá ní èmi ni, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í la ẹnu pé "èmi ni mo ṣe é." Ohun tó bá dára, ọ̀dọ̀ ẹni tó jù wá lọ la ti rí i. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ." Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Mo mọ̀. Orin tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ni ín." Àníọlá ọ̀rẹ́ mi, tó mọ̀ pé àná ni mo hun orin náà, mi orí bí arúgbó, ó ní, "Ìyá tèmi náà máa ń kọ ọ́." Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, a rẹ́rìn-ín títí páànù fi fẹ́ bọ́ lórí wa.

Ó padà wá, ó tún padà wá. Bó bá ti béèrè orin ìyá mi, mo ti hun tuntun sílẹ̀ dè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọn orin náà dára. Kò sí ọ̀kan tí mo jí nínú wọn. Ó ń pe èmi àti Àníọlá wá sílé rẹ̀ ní Sátidé, ó ń kọ́ wa níwèé, ó ń pè wá ní kọ́múréèdì. Bàbá Mujeeb ní, "Irú orúkọ wo nìyẹn? Ṣé ó ń fẹ́ ẹ ni?" Mo ní ó túmọ̀ sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "Páànù tirẹ̀ dà?" Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gbé páànù bá wa lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, ó dé ìdajì àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwa la fà á sọ̀ kalẹ̀. Lára gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé tí mo rí láyé mi, òun nìkan ló tẹ́tí sí wa kó tó sọ̀rọ̀ nípa wa. Mo ń fi í yangàn títí dòní.

Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, ó kà á fún mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè hun irú orin báyìí, pé ìran òṣìṣẹ́ ló hun ún. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́. Ó wà lẹ́nu mi pé ẹnì kan ṣoṣo ọ̀hún ló jókòó síwájú yín yìí, ẹ bu tíì kún ife rẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Wọ́n ti ń gbé mi jókòó sórí àga iwájú níbi gbogbo tó bá ti ń sọ̀rọ̀, èmi tó jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ti ń jẹun níbi iṣẹ́.

Fọláyọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ pé jù. Nígbà tí ìyá mi kú, ó wá síbi fídáù wọn, ó mú àdìrẹ aláró kan wá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi. Ó wá lọ jókòó ti àbúrò ìyá mi, ó ní kí wọ́n kọ nínú orin olóògbé fún òun. Àbúrò ìyá mi bú sẹ́rìn-ín nínú ọ̀fọ̀. Wọ́n ní, "Orin kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi? Ohùn wọn dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Bí wọ́n bá kọrin fún ọmọ tó ń sunkún, ṣe ni ọmọ náà á tún fi kún un." Mo rí ojú Fọláyọ̀. Ó ti mọ̀.

Ó wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Challenge. Kò bínú rárá. Ó dà bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Ó ní, "Mama, ẹ̀yin lẹ hun gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ yín sí i. Dókítà ní ká máa béèrè ta ló ṣe é, àwa náà ò sì tíì béèrè dáadáa." Mo ní, "Ọmọ mi, fi sílẹ̀." Kò fi sílẹ̀. Ó ní òun yóò sọ ọ́ níbi ìpàdé tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí ìwé náà ní Dùgbẹ̀. Mo sáré tọ Àníọlá lọ. Àníọlá ní, "Àwọn tó fẹ́ lé Dókítà kúrò ní yunifásítì á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ náà, wọ́n á gbé ẹ kúrò lórí àga." Ó yẹ kí n sọ fún yín pé nítorí Dókítà ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Irọ́ kejì nìyẹn yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ àga yẹn ló wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo ṣí àpótí, mo mú àdìrẹ tí Fọláyọ̀ fún mi, mo ró o. Mo dìídì ró o ni. Gbọ̀ngán náà kún. Fọláyọ̀ sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Mama yìí kì í ṣe ẹni tó ń bá wa tọ́jú orin. Àwọn gan-an ni olórin." Kò sí ẹni tó tíì pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà dìde, ó ní, "Kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀." Mo dìde. Mo di etí aṣọ náà mú, mo gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Mo ní, "Ṣé ẹ rí aṣọ yìí? Ọmọ yìí ló fi bẹ̀ mí. Ó ní kí n sọ pé èmi ni mo ni orin, kí òun lè fi gba oyè. Lébìrà ni mí. Mi ò lè ja ìyá mi lólè nínú sàréè nítorí aṣọ." Àtẹ́wọ́ fẹ́ ya òrùlé. Àníọlá ní, "Ojú mi ló ṣe." Aṣọ ni Fọláyọ̀ ń wò, kò wo ojú mi. Ó ní, "Mama, aṣọ fídáù ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gbọ́.

Kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi lé e kúrò ní yunifásítì ni Aláṣọ. Nígbà tí Dókítà ń gbé mi lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ìyá Mujeeb, ṣé òótọ́ lẹ sọ?" Mo ní, "Òótọ́ ni." Ó ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà, kò béèrè orin lọ́wọ́ mi mọ́ títí ó fi kú. Ó ń wá kí wa ní Iléyá, ó kọ́ mi níwèé títí mo fi lè kà, ṣùgbọ́n orin, rárá. Mo gbà pé ó mọ̀. Bó bá mọ̀, tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, òun ni yóò jíhìn ìyẹn. Tèmi ni mò ń sọ.

Nígbà tí Démiládé tó wà lára yín wá fi fóònù gba ohùn mi, ó ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà sí mi létí. Qonitah, ọmọ ọmọ mi, ní, "Mama, níbo ni Fọláyọ̀ yẹn wà báyìí?" Mo ní ká wá a lọ. Qonitah ló bá mi wá a kàn. Apẹ̀tẹ̀ ló wà, ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ kéékèèké níwèé, orí rẹ̀ ti funfun. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde, Mama, ẹ ro ti orúnkún yín." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ṣì lè kọ orin Kọ̀ngílá yẹn?" Mo kọ ọ́ fún un, mo sì fi ẹsẹ tó kẹ́yìn kún un, èyí tí mo fi pa mọ́ fún Dókítà torí pé orúkọ mi wà nínú rẹ̀. Ó pa ojú dé. Ó ní, "Ẹsẹ yẹn ni mò ń wá. Mo mọ̀ pé ẹni tó hun ún á fi orúkọ síbì kan." Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Mi ò tíì dárí jì yín o. Níwájú èrò lẹ ti parọ́ mọ́ mi. Ẹ lọ bá èrò."

Ẹ̀yin ọmọdé, bí ohun tí ẹ ṣe bá dára, tí wọ́n bá bi yín pé ta ló ṣe é, ẹ ní èmi ni. Ìtìjú kékeré ni tèmi kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ẹ̀rí èké. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí yàrá ìkàwé Dókítà ní Bódìjà, ẹ má gbé àga iwájú sílẹ̀ fún mi. Fọláyọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Èmi á wà lórí ìdúró, àdìrẹ fídáù ìyá mi ni màá ró. Ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní á mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn kúrò, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ yìí dípò rẹ̀. Mo ti fi ìlà méjì kún un ní Apẹ̀tẹ̀, ó sì tún dára sí i:

Ilé parí, wọ́n kọ orúkọ onílé sára rẹ̀,
Ẹni tó gbé kọnkéré gòkè ńkọ́?
Zùwáírátù ọmọ Sàlàkọ́ ló gbé e,
Òun ló hun orin tí wọ́n fi gbé e.
Fọláyọ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀,
Aṣọ fídáù ló fún mi.