Àwọn Ìyá Márùn-ún Tó Wà Lẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ ná kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun. Halelúyà! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró síbí lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì lónìí, òun nìkan ni mo wá yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, àyà mi já, mo jókòó padà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Màmá Bùkọ́lá, èmi tí mo ń gbé búrẹ́dì láti àdúgbò Nasarawa wá sí Kawo àti Ungwan Dosa nílùú wa níbí, lókè Ọya. Ẹ sì mọ ọkọ̀ mi, píkọ́ọ̀pù 504 àtijọ́ tí Bàbá Bùkọ́lá fi sílẹ̀ nígbà tí Olúwa pè wọ́n. Ọkọ̀ yẹn dàgbà ju Bùkọ́lá fúnra ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ní kí n tà á. Bùkọ́lá pè mí láti Èkó, ó ní, "Mummy, ọkọ̀ yìí ti gbó, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ." Mo kọ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni ọkọ mi ti kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ omi wò nínú rédíétọ̀, bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́ìlì, bí wọ́n ṣe ń tú púlọ́ọ̀gì kí wọ́n nù ún kí wọ́n dá a padà. Láràárọ̀ ni mò ń ṣe é. Tí mo bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, á dà bí ẹni pé Bàbá Bùkọ́lá ṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, tí wọ́n ń sọ pé, "Rọra, má fún un le jù."

Lọ́dún tó kọjá, Pásítọ̀ sọ fún wa pé àwọn ìyá àgbà kan ò lè wá jọ́sìn mọ́, ẹsẹ̀ ò gbé wọn. Mo ní èmi á máa gbé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe. Wẹ́dà kan ní Kawo bá mi jó bẹ́ǹṣì méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ̀lú irin tí wọ́n á máa fi ọwọ́ dì mú. Mo fi ọwọ́ ara mi rán tìmùtìmù sí i. Wẹ́dà náà ṣe àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n á fi gòkè, mo sì ta tapólì bò ó nítorí oòrùn. Mo kun ún ní búlúù. Mo rán aṣọ tuntun sí ìjókòó iwájú. Tí mo bá ń kọjá ní Kawo, àwọn awakọ̀ á máa kígbe pé, "Mama, mota ta yi kyau!" Wọ́n ń sọ pé ọkọ̀ mi rẹwà. Orí mi á wú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run, ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lókè, bírékì rẹ̀ ń kú lọ nísàlẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi á wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀. Ọ́ìlì bírékì ń dín. Dípò kí n wá ibi tó ti ń jò, ńṣe ni mò ń bù ú kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mẹkáníìkì wa, Malam Sani, tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà látìgbà ayé ọkọ mi, kìlọ̀ fún mi. Hausa la máa ń bá ara wa sọ, mò ń túmọ̀ ẹ̀ fún yín ni. Ó ní, "Mama, bírékì yìí ò ní àlàáfíà. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ mẹ́ta." Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ta ló fẹ́ bá mi gbé búrẹ́dì? Mo ní ó di ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde. Àjíǹde dé, ó lọ. Mo ní ó di ẹ̀yìn ìkórè.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, hóònù ò dún mọ́, mo gbé e lọ bá Malam Sani. Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó tún hóònù ṣe tán, ló bá tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kò sì jáde mọ́. Wákàtí kan kọjá. Ó di méjì. Búrẹ́dì wà lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pè mí. Mo dìde, mo pariwo: "Haba Malam! Hóònù ni mo ní kí ẹ ṣe!"

Ó dáhùn lábẹ́ ọkọ̀, "Ẹ ní sùúrù, Mama."

Ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè tún un sọ nínú ilé Ọlọ́run. Mo ní ó ti darúgbó, mo ní mo máa gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó gbé bútà omi ẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá. Mi ò bi í pé kí ló ń ṣe lábẹ́ ibẹ̀. Mo fi ìbínú wa ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ìyá àgbà fẹ́ lọ kí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣàìsàn ní òdìkejì Kawo. Ìyá márùn-ún ni mo kó sẹ́yìn, Màmá Àdùkẹ́ sì ni àgbà wọn, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ń kọrin. A gun fláíóvà Kawo, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Níwájú, kẹ̀kẹ́ NAPEP kún ojú ọ̀nà, àwọn obìnrin ń fi ẹrù lórí sọdá. Mo tẹ bírékì.

Ẹsẹ̀ mi bá ilẹ̀.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní, "Jésù!" Mi ò lè gbàdúrà míì, Jésù yẹn nìkan ló jáde. Mo já a sí jíà kẹta, mo já a sí ìkejì bí ọkọ mi ṣe kọ́ mi, ẹ́ńjìnnì ké tòò, síbẹ̀ ọkọ̀ ń lọ. Ọwọ́ mi sáré lọ síbi hańdíbírékì. Ẹ gbọ́ o, hańdíbírékì yẹn ti kú láti bí ọdún mẹ́ta. Tí mo bá páàkì, òkúta ni mo fi ń dí táyà. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun míì tí ọwọ́ lè dì mú. Mo fà á.

Ẹ̀yin ará, ó mú!

Ó mú, ọkọ̀ ń wọ́lẹ̀, mo yí sitíárìn sápá ọ̀tún, mo fi imú ọkọ̀ wọ òkìtì iyanrìn àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ó dúró. Kò kan ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ ohùn Màmá Àdùkẹ́ láti ẹ̀yìn: "Ìyá Bùkọ́lá, ṣé a ti dé ni?"

Ibí yìí ló ń dùn mí. Mo ní, "Rárá o, Mà. Ẹ́ńjìnnì ló gbóná díẹ̀." Irọ́ ni mo pa. Mo wá kẹ̀kẹ́ méjì fún wọn. Kí Màmá tó gun ti wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi pé mò ń wàhálà nítorí àwọn. Ẹ wo ìyẹn!

Mo pe Malam Sani. Ó gun ọ̀kadà wá, kò sọ̀rọ̀ ìjà ọjọ́bọ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi páìpù bírékì hàn mí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ já. Mo ní, "Hańdíbírékì ńkọ́? Ta ló tún un ṣe?"

Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Lọ́jọ́bọ̀. Mo rí i pé páìpù yẹn ò ní pẹ́, ẹ ò sì fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀. Mo ní kí n kúkú fi wáyà tuntun sí hańdíbírékì, kí ẹ lè rí nǹkan dì mú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mama, ariwo yín ti pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn."

Mo kúnlẹ̀ fún un lórí iyanrìn yẹn, mo ń sunkún. Ó ń sọ pé, "A'a, Mama, ẹ dìde, Allah ne." Ó ní Ọlọ́run ni.

Láràárọ̀ ni mò ń gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣọ́ wa. Ẹni tí Ọlọ́run fi dá mi lóhùn ń bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú, mò ń sọ fún un pé ó di ẹ̀yìn ìkórè. Mo ti rò ó títí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo bú u, tí mo sọ ọ́ di arúgbó, kò fi ṣèbínú. Ó ṣe iṣẹ́ tí mi ò bẹ̀ ẹ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó pààrọ̀ gbogbo páìpù. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń pín búrẹ́dì, kò sì sí oníbàárà tó kú.

Ẹ̀yin ìyá mi márùn-ún tí ẹ jókòó síwájú yẹn, èmi nìyí lórí eékún mi. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló gbóná. Mo mọ̀ pé bírékì ò dáa, mo sì kó yín sí i. Ẹ foríjì mí.

Mà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé maíìkì sún mọ́ Màmá Àdùkẹ́.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ti foríjì mí. Wọ́n ní aago mélòó ni mo máa wá gbé àwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀, Mà. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run! Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó, ògo yìí tirẹ̀ ni. Tí ẹ bá sì délé, ẹ bá mi gbàdúrà fún Malam Sani.