Dígí Ara Kẹ̀kẹ́

Mò ń dúró kí wọ́n bá mi lẹ táyà kẹ̀kẹ́ mi ní Abúlé Òkúta nígbà tí ìyá kan fẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún ọkọ rẹ̀, èyí tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀, tó pariwo débi pé gbogbo wa gbọ́:

“Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n de dígí mọ́ kẹ̀kẹ́ yìí!”

“Dígí kẹ̀? Ṣé ọ̀kadà ni mò ń gùn ni?”

“Ẹ ò gbọ́ họ́ọ̀nù mọ́.”

“Mo máa ń wẹ̀yìn.”

“Ẹ máa ń wẹ̀yìn! Márúwá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín ní Palmgrove ńkọ́?”

“Kò sáà gbá mi.”

Ìyá náà mí kanlẹ̀.

“Àràárọ̀ ni mò ń jáde sẹ́nu ọ̀nà kí yín pé ó dàbọ̀. Ẹ kì í dáhùn. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́, àmọ́ mi ò dákẹ́. Bí dígí bá wà, ẹ ó kúkú rí ọwọ́ mi.”

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

“Àràárọ̀?” ni bàbá náà bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wá kọjú sí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

“Ẹ dè é kó le dáadáa. Apá òsì ni kẹ́ ẹ fi sí, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wa wà.”