Ẹ̀kuru Inú Dúrọ́ọ̀mù

Òjò ló lé wa sábẹ́ bíríìjì Dópẹ̀mú, níbi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ní Àgídìngbì àti ọkùnrin tó ń bá a kó àjẹkù oúnjẹ lọ fi ṣe ajílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ ń ya eegun àti nílọ́nù sọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ̀kuru yẹn ti ń pọ̀ jù."

"Ẹ̀kuru wo? Ìrẹsì àti ẹ̀wà nìkan ni mò ń sè. Kí làwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi fẹ́ fi ẹ̀kuru ṣe?"

"Èmi fúnra mi ni mo máa ń ṣà á, mà. Tí mo bá ti da dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ báyìí, mo ti mọ ohun tí oníkálukú sè. Nínú tiyín, ẹ̀kuru ló máa ń wà lókè, nínú ewé."

Ìyá náà fa ìborùn mọ́ra.

"Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń ta ẹ̀kuru ní ṣọ́ọ̀bù mi yẹn tẹ́lẹ̀. A ti sin wọ́n."

"Ẹ má bínú, mà. Ó ṣì máa ń gbóná."

"Láàárọ̀ tí o máa ń wá kó o? Kí n tó dáná?"

"Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn pàápàá."

Èmi tí mi ò gba iwin gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi dòní: ó ṣì máa ń gbóná. Òjò ti dá, síbẹ̀ mo dúró kí n lè gbọ́ ọ tán.

Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé odindi ni, àbí àjẹkù?"

"Àjẹkù ni, mà. Àpá eyín ṣì máa ń wà lára ẹ̀."