Lẹ́tà Èkó tí Tíṣà Jacob Kà Lódì

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ Tíṣà Jacob Ọlájídé kò tilẹ̀ tíì rìn ju ọdún méjì lọ tí òótọ́ fi gbá a lọ́rùn mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1912, ó fẹsẹ̀ rìn láti Lọ́kọ́jà gun òkè Agbaja, kò sinmi títí ó fi dé agboolé Àlàbí àgbẹ̀. "Òkun o, Tíṣà," ni tọmọdé tàgbà ń kí i. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Wọ́n bu omi fún un, kò mu. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo ilé jáde. Nígbà tí wọ́n pé tán, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi pé mo dúró. Bí mo bá jókòó, ẹ̀rù lè tún bà mí. Irọ́ kan wà tí mo pa nínú àgbàlá yìí. Ibí ni mo ti pa á, ibí náà ni mo fẹ́ ti jẹ́wọ́ rẹ̀."

Àlàbí wo Àṣàbí ìyàwó rẹ̀. Sámúẹ́lì ọmọ wọn, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fẹ̀yìn ti ògiri. Tíṣà yìí ló kọ́ ọmọ náà ní ilé ìwé ìjọ ní Lọ́kọ́jà fún ọdún méje, láti orí A, B, D títí dé orí ìṣirò tó ń mú òógùn bo àgbàlagbà. Òun náà ló mú un ṣe ìdánwò ilé ìwé gíga kan ní Èkó, tí gbogbo Agbaja sì ń retí èsì bí ẹni ń retí òjò àkọ́rọ̀.

"Bàbá Sámúẹ́lì," ni Tíṣà wí, "ẹ rántí ọjọ́ tí mo mú lẹ́tà wá láti Èkó?" Àlàbí ní òun rántí. Ta ni yóò gbàgbé? Láyé ìgbà yẹn, bí lẹ́tà bá dé òkè Agbaja, Tíṣà ni wọ́n ń fún kà. Yóò tú u, yóò wo Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú rẹ̀, yóò sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó bá sì ti ẹnu rẹ̀ jáde ni lẹ́tà wí. Sámúẹ́lì lè kà á fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ nílé kì í yọjú wo ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, débi tí yóò fi ní kí wọ́n mú un wá. Ẹ̀kọ́ rere tí Àṣàbí fún ọmọ rẹ̀ ni Tíṣà fi rẹ́ ẹ jẹ.

"Mo ní wọ́n kọ̀ ọ́," ni Tíṣà wí. "Mo ní ìṣirò rẹ̀ kò dára tó. Irọ́ ni. Wọ́n gbà á. Wọ́n ní nínú gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò náà, òun ló ṣe ipò kẹta, kí ó máa bọ̀, ìjọ yóò máa bọ́ ọ." Ariwo sọ. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Èmi náà ṣe ìdánwò yẹn nígbà èwe mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùnà. Nígbà tí mo rí orúkọ ọmọ tí mo kọ́, ìlara gùn mí. Mo ní, ọmọ yìí ni yóò padà wá jẹ́ ọ̀gá mi. Bàbá Sámúẹ́lì, ẹ bi mí lọ́jọ́ náà pé, 'Tíṣà, kí ni ilé ìwé gíga náà ì bá tilẹ̀ fi ṣe é? Ṣé yóò kọ́ ọ ní ilẹ̀ tí iṣu ń fẹ́?' Inú mi dùn. Ẹ ti bá mi rí àwáwí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó lọ síbẹ̀ kì í lè mú ọkọ́ mọ́, jíjókòó sí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó láti máa ka èkùrọ́ elékùrọ́ ni òpin wọn. Ìbéèrè yín dára. Èmi náà ń bi ara mi títí dòní. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí n bá ọmọ ọlọ́mọ dáhùn rẹ̀? Sámúẹ́lì sì dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà, ó ní, 'Ẹ ṣeun, Tíṣà, ẹ gbìyànjú lórí mi.' Mo ní kí ó dìde."

Tíṣà ń bá a lọ: "Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n tún kọ̀wé, wọ́n ní àwọn kò rí ọmọ náà, ṣé kò sí nǹkan? Mo dá wọn lóhùn. Mo kọ ọ́ pé ibà ṣe é, pé Sámúẹ́lì ọmọ Àlàbí ti kú." Àṣàbí kígbe. Ó sáré sí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí, ó pa á láyà, ó sì kọjú sí Tíṣà. Obìnrin tí kì í fi "o" pe Tíṣà ní, "Jacob! O fi gègé pa ọmọ mi? Ọmọ mi ń mí, o ní ó ti kú? Kò níí kú! Kò níí kú lójú mi!" Ojú ti Tíṣà débi pé ilẹ̀ ló ń wò.

Àlàbí ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ ọ́ lónìí?" Tíṣà ní, "Ọmọ yìí ni. Ó ń ru igi sínú ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́jà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá mi. Láti ọdún méjì yìí, bó bá ti sọ igi kalẹ̀, ìṣirò ìdánwò náà ló ń tún ṣe. Ó ní kí n fi ibi tí òun ti ṣì í han òun. Kò sí ibi tó ti ṣì í. N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé náà. Ọjọ́ tó bá dé Èkó, iṣẹ́ mi ti bọ́ nìyẹn. Kí ó bọ́." Ó yọ lẹ́tà náà lápò, ó tú u, ó sì fẹ́ máa kà á.

Sámúẹ́lì kúrò lára ògiri, ó na ọwọ́. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Tíṣà wò ó díẹ̀, ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà kà á sínú, ó tún un kà, ó ní, "Tíṣà, 'àṣìṣe' ni ẹ kọ síbí. Ẹ ní nípa àṣìṣe ni ẹ fi sọ pé mo kú. Ẹ kò ṣì í, sà. Ẹ mọ̀ pé mo wà láàyè." Òógùn bo Tíṣà. Ó fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ṣùgbọ́n ó rí i pé irọ́ lòun tún fẹ́ pa.

Àlàbí bi ọmọ rẹ̀, "Ṣé o ṣì fẹ́ lọ? Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ ohun tí ilé ìwé yẹn wà fún." Sámúẹ́lì ní, "Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo fẹ́ lọ wò ó. Bí kò bá wúlò, èmi ni n ó padà wá sọ fún yín pé kò wúlò." Ó wọlé, ó gbé tàdáwà àti gègé rẹ̀ jáde, ó sì tẹ́ ìwé tuntun sórí àga tí Tíṣà kò jókòó lé. Tíṣà kúnlẹ̀ ti àga náà. Ó kọ ọ́ ní kíkún báyìí: pé wọ́n gba ọmọ náà, pé òun fi í pamọ́, pé òun mọ̀ pé ó wà láàyè nígbà tí òun ní ó ti kú. Sámúẹ́lì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́. Tíṣà gbójú sókè, omi ti lé sí i lójú, ó ní, "Sámúẹ́lì, dákun, dárí jì mí."

Sámúẹ́lì ní, "Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ná, sà."