Ojú Ìwé Tí Mo Pa Rẹ́ ní Downsview

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbé ife tíì yín sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti oṣù kejì ọdún yìí, mi ò lè gbé e mì mọ́, mi ò sì fẹ́ kó bá mi dé sàréè. Ìdẹ̀raolúwa, o ní lọ́la ni ẹni tí yóò fín òkúta sàréè màmá rẹ ń bọ̀ wá gba ohun tí yóò kọ sí i. Ìwé yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ. O ti kà á fún wa lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo pálọ̀ ń sunkún: “Àyọ̀ká mi, mo ti dárí jì ọ́, sinmi.” O ní bàbá rẹ ló kọ ọ́. Ọmọ mi, kì í ṣe bàbá rẹ. Èmi Gàfárù ni. Èmi tí mo ń tún printa ṣe, èmi tí mo ń pa yín lẹ́rìn-ín níbi gbogbo ìkómọ láti Downsview ní Toronto títí dé Georgetown níbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹ wo ojú mi dáadáa. Ṣé ojú àwàdà nìyí?

Snow ti kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi dé orúnkún lọ́jọ́ tí Auntie Àyọ̀ká dé. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Awakọ̀ kan ń gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú printa aláriwo kan, irú èyí tí bébà rẹ̀ ní ihò létí lọ́tùn-ún lósì. Ọláfẹ́mi ọkọ wọn ló ni ín. Lọ́dún 1991, Auntie gbé ìwọ Ìdẹ̀ra, ọmọ ọdún méjì, wá sí Toronto, ọkọ sì dúró sí Ìbàdàn. Ìjà ni wọ́n fi yà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọkọ kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ní ìrìn àjò ìyàwó ló pa á. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò ọkọ ni kọ̀ǹpútà náà wà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kí ẹnì kan tó bá wọn kó o pọ̀ mọ́ ẹrù tó ń bọ̀.

“Gàfárù,” ni wọ́n wí, “àbúrò rẹ̀ ní lẹ́tà sí mi ló ń tẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí NEPA mú iná lọ. Iná ò tíì dé tó fi kú. Bá mi wò ó bóyá ó ṣì kù níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dárí jì mí.”

“Auntie, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Bó bá jẹ́ ìrẹsì ni, ṣé ẹ ó jẹ ẹ́?” Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ o. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe nǹkan méjì pọ̀. Bó bá ń tẹ̀wé, ìwọ á ká ọwọ́ lẹ́rán. Ni wọ́n bá ṣe ètò kékeré kan tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní spooler. Á gba ìwé lọ́wọ́ rẹ, á tò ó sí ìlà nínú ikùn kọ̀ǹpútà, á sì máa bù ú fún printa jẹ lábẹ́lẹ̀ bí ìwọ ti ń bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, bí iná bá lọ, kì í gbàgbé. Bí iná bá padà dé, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

Iná wá dé, ní Downsview. Mo tan án. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí printa lọgun, kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Auntie di apá mi mú. Àárín gbólóhùn ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó dìde lọ mumi tó sì padà wá bá ọ̀rọ̀ rẹ̀: “tí o lọ láì dágbére fún ìyá mi. Mo ti rò ó títí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an ni pé”

Ó dákẹ́. Kò tẹ lẹ́tà kan sí i.

Mo ní kí Auntie máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo yẹ wáyà wò, mo pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù, mo tún bébà tò. Spooler ní ojú ìwé kan ṣì kù, ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda rẹ̀. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo ti kọ́ rí ni mo ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú ìlà kí wọ́n tó tú u ká. Èmi ọ̀gá wọn ńkọ́? Ọwọ́ mi yá ju ọpọlọ mi lọ. Mo pàṣẹ kí ìlà tú ká, kí printa lè mí. Printa mí! Mo fi A, B, D dán an wò, ó tẹ̀ ẹ́ kedere. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹsẹ̀ kan ṣì wà lókè nígbà tí mo rántí ohun tí mo ṣe. Ìlà ti ṣófo. Ọ̀rọ̀ tó dúró de iná fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, èmi ni mo pa á rẹ́.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣeré orí ìtàgé n'Íbàdàn. Mo ti ṣe ọba, mo ti ṣe ìyàwó, mo ti ṣe òkú. Mo ní kí ló le nínú kí n ṣe Ọláfẹ́mi? Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́: “Àyọ̀ká mi, mo ti dárí jì ọ́, sinmi.” Olè ni mí. Ẹnu òkú ni mo jí.

Auntie dé, wọ́n kà á, ojú wọn ò yí padà. Mo rò pé ayọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

“Gàfárù, ṣé bó ṣe jáde nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Auntie.”

“O ò fọwọ́ kàn án?”

“Èmi kẹ̀?”

Wọ́n wo orí tábìlì mi. “Irin lò ń fi jẹun. Fi irin búra fún mi.”

Ibi tí mo ti lè jẹ́wọ́ kí n bọ́ nìyẹn. Mo mú screwdriver, mo fi kan ahọ́n, ó tutù, ó sì dà bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Mo búra.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Auntie ń gbé móínmóín wá. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ jókòó díẹ̀ ti ọkọ àwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n á sì rán mi lọ ra kọfí lẹ́bàá subway, ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Tí mo bá dé, wọ́n á wò mí. “Gàfárù, ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi?” “Kò sí o, Auntie, àfi pé móínmóín ti tán.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí oṣù tó kọjá, tí wọ́n sùn tí wọn ò jí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìdẹ̀ra, o fi text ránṣẹ́ sí mi: “Uncle, please check if Daddy left anything else.” Mo tan kọ̀ǹpútà náà àti printa. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀!

“Gàfárù, ọmọ mi. Ọláfẹ́mi ò pè mí ní Àyọ̀ká rí. Àyọ̀ká ni ìyá tó bí i. Ọmọ wo ló ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ ké sí ìyàwó? Oyíndà ló sọ mí. Akọ̀wé-tẹ̀wé ni mí kí n tó wá síbí. Èmi ni mo kọ́ Ọláfẹ́mi ní kọ̀ǹpútà yẹn, èmi ni mo fi spooler sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí o búra ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti nù. Gbogbo Sátidé ni mo fi dúró kí o jẹ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an ni pé”

Ó dákẹ́.

Mo yẹ wáyà wò. Mo yẹ ríbọ́ọ̀nù wò. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, mo wá tú ikùn kọ̀ǹpútà náà wò títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tó há. Kò sí ohun tó kù. Ibẹ̀ ni màmá rẹ fọwọ́ ara wọn parí rẹ̀ sí, nígbà tí mo lọ ra kọfí. Wọ́n pa printa, wọ́n fi ọ̀rọ̀ sórí ìlà, wọ́n sì lọ sílé. Mo ti wá mọ bí gbólóhùn tí kò parí ṣe rí lára wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, bí ẹ bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ tó di ìbúra. Ìdẹ̀ra, jọ̀ọ́, má fín gbólóhùn irọ́ tèmi sí òkúta yẹn, Oyíndà tí bàbá rẹ ń pè wọ́n ni kí o fín. Ìwọ sì ni ọmọ wọn, gbólóhùn méjèèjì ti wá kù sí ọ lọ́wọ́. Mi ò lè parí tàwọn òbí rẹ fún ọ. Ṣùgbọ́n tèmi, èyí tí màmá rẹ fẹ́ sọ fún mi, bí o bá lè parí rẹ̀, bá mi parí rẹ̀. Screwdriver náà rèé lórí tábìlì. Mi ò búra mọ́. Mo kàn jókòó, mò ń dúró.