Gbólóhùn Tí Ọmọ Náà Kò Sọ

Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Dókítà sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, pé ó ṣòro kí n rí ìparí ọdún, mo wá ní kí n sọ ọ́ nígbà tí ẹnu mi ṣì ń gbé e. Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sínú yàrá kan tó ní àga méjì àti fèrèsé kan, tí mò ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn kò lè sọ nílé. Bí tọkọtaya bá ń du ọmọ ní kóòtù, adájọ́ a ní kí n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn mẹ́rin ló yẹ kí n fi ránṣẹ́ sí kóòtù. Mo ṣe ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe: mo ṣí ìròyìn ọmọ mìíràn lórí kọ̀ǹpútà, mo pa orúkọ rẹ́, mo fi tuntun sí i, mo wá ń yí ìyókù padà. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ kí n pè é bó ṣe jẹ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje ni ọmọ tuntun yìí. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, ló ń tọ́ ọ; bàbá rẹ̀ fẹ́ gbà á lọ sí ìlú mìíràn. Mo fi wákàtí méjì bá a ṣeré. Ó ya àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ fún mi, ó ní, "Abẹ́ ibí yìí ni mo máa ń sùn sí tí màmá mi bá ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ wọn máa ń móoru."

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣẹ́kù láti inú ìròyìn àtijọ́: "Ọmọ náà sọ fún mi pé ẹ̀rù ọwọ́ ìyá òun ń ba òun." Adájọ́ kà á sókè, wọ́n sì fa ọmọ lé bàbá lọ́wọ́.

Akọ̀wé mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fáìlì nítorí pé kò sí bébà tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ló gbé e wá bá mi lọ́jọ́ kejì. "Ọ̀gá, ọmọ yẹn ò sọ báyìí. Ọmọ ti oṣù tó kọjá ló sọ ọ́." Mo mọ ohun tí òfin iṣẹ́ wa wí: kí n kọ̀wé sí adájọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́tà ìlà márùn-ún péré. Mo ní kó fi sílẹ̀, pé màá bójú tó o. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ọmọ ló wà níbẹ̀." Mo jẹ́ kó pẹ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi ni mò ń rò, àti bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ṣe máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pé oṣù kan tí Ìyá Fáìlì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò bá mi jà.

Lẹ́yìn náà ni aránṣọ fúnra rẹ̀ dé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Ohun tí ọmọ bá sọ nínú yàrá yìí, àṣírí ni, mà. Òfin ò fún mi láyè." Òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ọmọ ni èmi àgbàlagbà sá pamọ́ sí. Ó ní, "Ọmọ mi kì í parọ́. Á jẹ́ pé mo ṣe é tí mi ò mọ̀." Ó bẹ̀ mí kí n tọ́jú òun, kí òun lè di ìyá tí ọmọ ò ní máa bẹ̀rù.

Mo gbà. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mò ń kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń kápá ìbínú tí kò ní. Ó ń tú ayé ara rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n rán wọ́. "Bóyá ọjọ́ tí mo já sísọ́ọ̀sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni." Mo mi orí bí ẹni tó gbà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà á láyè láti lọ kí ọmọ náà, ó padà wá ròyìn fún mi. "Ó ní kí n gbé òun, sà. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mi ò fọwọ́ kàn án rárá. Mo ṣe dáadáa, àbí?" Mo ní ó ṣe dáadáa. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọdún méjìlá ti kọjá. Ẹ̀dà kan lára ìwé yìí ń lọ sí kóòtù, ọ̀kan sí ìgbìmọ̀ tó fún mi ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ó ṣe àṣìṣe. Ẹ kọ lẹ́tà ìlà márùn-ún yẹn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀dà kẹta tiyín ni, mà, pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ yín tó wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí. Mi ò lẹ́nu láti ní kí ẹ dárí jì mí. Ọmọ yín ò sọ ọ́ rí. Tó bá tún wá kí yín, ẹ má kó ọwọ́ yín sẹ́yìn mọ́.