Kì í ṣe fíríísà Ìyá Risi ló ń pa kọ̀ǹpútà mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi. Ó ti rẹ̀ mí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, n kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún pásítọ̀ mi. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ẹnìkan fẹ́ kí n bá òun lọ síbì kan lọ́la. Bí mo bá lọ tí mo sì tún parọ́, n kò rò pé màá lè sọ òótọ́ mọ́ láéláé.

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe ní Ijoku, ní Ṣàgámù. Bí wọ́n bá sìnkú tàbí tí wọ́n ṣègbéyàwó, èmi ni mo máa ń to àwòrán rẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ ara mi yí ètò inú rẹ̀ kó lè máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó sáré lọ. Ófáklọ́ọ̀kì là ń pè é. Mo sì fi ń yangàn. Gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fídíò ló mọ̀ pé arúgbó tèmi ń sáré ju ọ̀dọ́ tiwọn lọ.

Ìyá Risi ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kan tèmi. Ẹja tútù àti omi dídì ni wọ́n ń tà nínú fíríísà ńlá kan. Wọ́n ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Wáyà iná kan náà ni a jọ ń lò.

Nígbà tí ìyàwó mi kó àjọ, ó ra káàdì gíráfíìsì tuntun fún mi, ìyẹn ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ lè yá. Mo tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, ó tàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi báyìí, kọ̀ǹpútà á kú fin-ín.

Mo yọ káàdì náà, mo nù ún, mo dá a padà. Mo gbọn eruku. Mo pa ètò tó ń darí rẹ̀ rẹ́, mo tún fi í sí i. Pàbó. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Bàbá Dámì, àbí kọ̀ǹpútà yìí ti gbó jù ni?" Inú bí mi. Àsìkò yẹn gan-an ni fíríísà Ìyá Risi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí gílóòbù wa sì ṣẹ́jú. Mo ní, "O ò rí i! Fíríísà yìí ni!"

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo jáde, mo pariwo títí Alhaji onílé wa, tí wọ́n ń ta obì, fi dìde nídìí agbọ̀n obì wọn. Ìyá Risi kò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n kàn ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi, mi ò mọ̀ pé ó ń pa yín lára ni." Alhaji ní kí wọ́n gbé fíríísà náà kúrò. Ta ló fẹ́ ta ẹja tútù láìní fíríísà? Kò pẹ́ tí Ìyá Risi fi kó lọ sí Akaka, ìlú ìyá wọn, tí wọ́n ń bá àwọn tó ń ṣe gààrí bó ẹ̀gẹ́.

Wọ́n lọ tán, mo tan kọ̀ǹpútà. Ó tún kú.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo dá eré tí mo fi kún un padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ dìrọ̀lẹ́, kò kú mọ́. Agbára ẹ̀rọ tó ń pín iná nínú rẹ̀ kò tó láti bọ́ àṣejù mi àti káàdì tuntun pa pọ̀. Èmi ni mo fà á.

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu mi, ó ti fọ́. Mo gbìyànjú láti sọ fún Alhaji. Mo dé iwájú wọn, wọ́n wò mí, mo sì ra obì. Èmi tí n kì í jẹ obì. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn ará àdúgbò ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà tí ìyá yẹn ti lọ, kọ̀ǹpútà Bàbá Dámì ò kú mọ́." Mo ń gbọ́ ọ, mo ń mi orí bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni Ìyá Risi gun ọ̀kadà wá bá mi. Wọ́n gbé gààrí wá. Ọ̀bẹ ti ge ìka wọn káàkiri. Wọ́n ní Alhaji ti gbà láti dá ṣọ́ọ̀bù náà padà fún àwọn, bí èmi bá lè fẹnu ara mi sọ pé mo ti dárí ji àwọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní tan fíríísà náà." Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. Mo yára gbé wọn dìde, mo ní màá lọ. Ìyàwó mi ní èèyàn dáadáa ni mí. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ nínú gààrí náà.

Ẹ̀yin ará, bí mo bá ní mo ti dárí jì wọ́n, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù wọn, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n á máa bẹ̀rù mi nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ tan fíríísà ara wọn. Bí mo bá sọ òótọ́, ó ṣeé ṣe kí Alhaji lé èmi náà, kí ìyàwó mi má sì gbà mí gbọ́ mọ́. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bú mi, ẹ sọ fún mi. Ìyá Risi ní àwọn á tètè dé lọ́la, kí àwọn má baà fi iṣẹ́ mi ṣòfò.